Agbára Tí Kò Ní Èèwọ̀

Àwọn kan wà láàrin àwa olùkọ́ tí wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ eré orí ẹ̀rọ, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní géèmù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà ń jókòó sọ. Wọ́n ní kí a lé àwọn ọmọ kúrò nídìí rẹ̀, kí ó sì parí síbẹ̀. Àwa kò bá wọn gba ọ̀nà yìí. Ohun tí ọmọ fi wákàtí púpọ̀ ṣe ní ìdákẹ́jẹ́, tí ó ń rò bí ó ti ń jẹun, tí ó sì ń rò bí ó ti ń lọ sùn, ó yẹ kí ẹni tí ń kọ́ ọmọ náà mọ ohun tí nǹkan náà ń wí fún un. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ bá ẹ̀yin olùkàwé wa sọ̀rọ̀ lórí ẹyọ ohun kan nínú àwọn eré wọ̀nyí, èyí tí a kà sí irọ́, tí a sì fẹ́ kí àwọn tí ń ṣe wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ irú eré tí a ní lọ́kàn. A kò sọ ti bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ ti ọkọ̀ sísá. Èyí tí a ń wí ni eré onítàn gígùn, nínú èyí tí ẹni tí ń ṣeré gbé ìwà ẹlòmíràn wọ̀ bí ẹni gbé ẹ̀wù wọ̀. Yóò yan orúkọ, yóò yan iṣẹ́, ìbáà ṣe jagunjagun tàbí oṣó. Yóò rin ìrìn àjò, yóò kó ọ̀rẹ́ jọ, yóò sì máa yan ohun tí òun yóò wí àti ohun tí òun yóò ṣe. Orí tábìlì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ṣe irú rẹ̀, pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù, láti ìgbà tí Dungeons & Dragons ti jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974; láti ibẹ̀ ni ó ti wọ inú kọ̀ǹpútà. Nínú púpọ̀ nínú wọn ni a ti ń rí agbára kan tí ìtàn náà fúnra rẹ̀ wí pé ó ń ba ọkàn ẹni tí ó bá lò ó jẹ́: agbára ẹ̀jẹ̀, agbára òkùnkùn, agbára tí a gbà lọ́wọ́ ẹ̀mí àìmọ́. Àwọn àgbà inú ìtàn a máa kìlọ̀ rẹ̀, ìwé inú ìtàn a máa kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn ọ̀tá tí wọ́n lò ó a sì máa yí padà di ẹranko. Ẹni tí ń ṣeré náà yóò wá mú un, yóò lò ó láti òwúrọ̀ ìtàn títí di alẹ́ rẹ̀, kò sì ní sí ohun kan tí yóò ṣe é. Irọ́ tí a ń wí nìyẹn.

Àwọn baba wa kò mọ géèmù, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọ̀rọ̀ agbára. Wọn kì í fún ènìyàn ní oògùn láì sọ èèwọ̀ rẹ̀ fún un. Ẹni tí ó gba òǹdè kan lè máà gbọdọ̀ jẹ irú ẹran kan mọ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kọjá lábẹ́ okùn tí a sá aṣọ sí. Ẹni tí wọ́n sì wí pé ó ní àfọ̀ṣẹ ní ẹnu ní láti ṣọ́ ẹnu rẹ̀ ju bí olówó ti ń ṣọ́ àpò rẹ̀ lọ, nítorí pé bí ó bá fi ìbínú ké mọ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ní dúró bi í bóyá eré ni ó ń ṣe. Àwa àti àwọn baba wọ̀nyí kò gbọ́ ara wa yé lórí ibi tí agbára ti ń wá. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú èèwọ̀ tí a kò lè bá wọn jiyàn lé lórí: kì í ṣe ìyà tí adájọ́ kan dá fún ni lẹ́yìn tí a ti ṣe tán. Inú agbára náà gan-an ni ó ti ń bọ̀. Ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì wọlé tọ ènìyàn wá, bí ọkọ àti aya.

Ẹ wá wo Dragon Age II, tí ilé-iṣẹ́ BioWare ti ilẹ̀ Kánádà gbé jáde ní ọdún 2011. Ìlú kan tí ń jẹ́ Kirkwall ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ní ìlú yìí, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí oṣó lè dá tí ó burú tó kí ó fi ẹ̀jẹ̀ pe idán. Àwọn jagunjagun ìjọ ibẹ̀, tí obìnrin kan tí ń jẹ́ Meredith jẹ́ olórí wọn, ń fi idà wá irú oṣó bẹ́ẹ̀ kiri, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba tẹrú tọmọ. Hawke ni orúkọ ìdílé ẹni tí a ń gbé ìwà rẹ̀ wọ̀. Ní àárín ìtàn, ọkùnrin kan tí ń lo idán ẹ̀jẹ̀ pa ìyá Hawke, ní ọ̀nà tí ó burú tó bẹ́ẹ̀ tí a kò ní kọ ọ́ sínú ìwé tí ọmọdé ń kà. Ìtàn tí ó ní egungun nínú nìyí, a kò sì bá wọn jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Hawke bá jẹ́ oṣó, eré kan náà yìí gbà á láyè kí òun náà kọ́ idán ẹ̀jẹ̀. Yóò fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ pe idán ní gbangba, ní ìgboro, ní ojú Meredith tìkára rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bi í pé, Kí ni ò ń ṣe nì? Ohun tí ó pa ìyá rẹ̀ ni yóò máa fi jagun, ọkàn rẹ̀ kò sì ní gún un ní kẹ́sẹ́.

Èyí tí ó yani lẹ́nu jù lọ ni pé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ Hawke, ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Merrill, ń lo irú idán yìí, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Fenris àti Anders, kò sì jẹ́ kí ó sinmi fún ìbáwí. Ṣé ojú wọn là sí Merrill, ó wá fọ́ sí Hawke ni? Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Merrill jẹ́ ti àwọn tí ó kọ ìtàn náà. Hawke jẹ́ ti ẹni tí ó san owó. Ẹni tí ó san owó ni wọn kò fẹ́ kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ líle.

Ìbátan irú eré yìí kan tún wà, BioShock ti ọdún 2007, tí a lè fi ìṣirò ilé-ìwé wò. Ní ìlú kan lábẹ́ òkun, àwọn ọmọdébìnrin kéékèèké wà tí wọ́n gbé nǹkan kan sí ara wọn, tí à ń pè ní ADAM, tí a fi ń ra agbára. Ẹni tí ń ṣeré lè pa ọmọ náà kí ó kó gbogbo rẹ̀, èyí tí í ṣe 160. Tàbí kí ó wo ọmọ náà sàn, kí ó sì gba 80 péré. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín bá wa ṣe é lórí pátákó. Ẹni tí ó pa ọmọ mẹ́ta ní 480. Ẹni tí ó gba ọmọ mẹ́ta là ní 240. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn gbogbo ọmọ mẹ́ta tí a bá gbà là, a ó fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ṣe é, 200 ADAM sì wà nínú ẹ̀bùn náà, yàtọ̀ sí ohun mìíràn tí ó bá a wá. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 440. A ti sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé ẹ̀mí ọmọdé ni ó wà lórí òṣùwọ̀n; nígbà tí ó wo òṣùwọ̀n, ogójì ni ó rí. Òótọ́ ni pé òpin ìtàn náà yàtọ̀ fún ẹni tí ó pa wọ́n, ṣùgbọ́n àwòrán ìṣẹ́jú díẹ̀ ni òpin náà, lẹ́yìn tí gbogbo iṣẹ́ ti parí.

Nípa ti Fable, ti ọdún 2004, a kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ìwo a máa hù ní orí ẹni búburú nínú rẹ̀, àwọn ará abúlé a sì máa sá fún un. Ó pani lẹ́rìn-ín, ó sì dára díẹ̀ ju kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni náà lè gbé owó lọ sí tẹ́ńpìlì kan, kí ó san án, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹni rere padà. Nínú Knights of the Old Republic ti ọdún 2003 pẹ̀lú, tí a gbé ka orí sinimá Star Wars, ẹni rere lè fi mànàmáná òkùnkùn sun ọ̀tá rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ìgbà. Yóò ná an ní okun díẹ̀ sí i, ìwà rẹ̀ kò sì ní fi ìka kan yẹ̀ kúrò ní ibi tí ó wà. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ àti ìpinnu rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fi ṣe ìdájọ́ rẹ̀, wọn kò ka agbára tí ó ń lò sí nǹkan kan.

Àwọn tí ń ṣe eré wọ̀nyí ní àwíjàre, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Wọ́n ní iṣẹ́ ńlá ni láti kọ ìtàn fún ọ̀nà búburú, àti pé ènìyàn díẹ̀ ni ó ń tọ̀ ọ́. Ní ọdún 2020, ọ̀kan nínú àwọn tí ó bá wọn ṣiṣẹ́ lórí Mass Effect sọ pé nǹkan bí 92 nínú 100 àwọn tí ó ṣe eré náà ni ó gba ọ̀nà rere. Kí ni ìdí tí a ó fi dáná fún àlejò tí kì í wá? Àwa náà yóò bi wọ́n léèrè: ta ni yóò wá jẹ oúnjẹ tí kò ní iyọ̀? Ìwà búburú inú púpọ̀ nínú àwọn eré wọ̀nyí kò ju kí a ṣépè fún opó, kí a sì já owó gbà lọ́wọ́ arúgbó. Kò dán ẹnikẹ́ni wò. Ẹni tí ó kọ̀ ọ́ kò tíì ṣẹ́gun ìdánwò kankan, ẹni tí ó sì gbà á kò sọ nǹkan kan nù. Bí agbára búburú bá dùn ní tòótọ́, tí ó sì na ènìyàn ní ohun kan ní tòótọ́, nígbà náà ni 92 wọ̀nyí yóò tó mọ ohun tí wọ́n yàn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé ohun tí a ń béèrè kò ṣeé ṣe, nítorí pé àwọn kan ti ṣe é, ó sì ti pẹ́. Ní ọdún 1985, Richard Garriott gbé Ultima IV jáde ní Amẹ́ríkà, lórí àwọn kọ̀ǹpútà tí agbára wọn kò tó ti fóònù tí ó kéré jù lọ lónìí. Ìwà rere mẹ́jọ ni akọni rẹ̀ ń lépa. Bí ó bá ra ewé àti egbò lọ́wọ́ obìnrin afọ́jú, tí ó sì ka owó tí kò pé sí i lọ́wọ́, kò sí ẹni tí yóò pariwo olè. Ọjọ́ mìíràn ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ lẹ́nu aríran pé òtítọ́ rẹ̀ ti rẹ̀yìn. Ó sì tún ní ohun kan nínú rẹ̀, agbárí oṣó burúkú kan tí ń jẹ́ Mondain. Ẹni tí ó bá lo agbárí yìí, gbogbo ọ̀tá tí ó yí i ká yóò kú lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí idà tí ó tó o. Ṣùgbọ́n gbogbo ìwà rere mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó jọ ni yóò bàjẹ́ pẹ̀lú wọn. Ọ̀nà kan sì wà tí agbárí náà fi lè ṣe é ní àǹfààní: kí ó gbé e dé ẹnu ọ̀gbun ńlá ìkẹyìn, kí ó sì jù ú sínú rẹ̀.

Ní ọdún 2004 ni Vampire: The Masquerade – Bloodlines jáde, nínú èyí tí a gbé ìwà òkú tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wọ̀. Bí ó bá ti ń pa aláìṣẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni jíjẹ́ ènìyàn rẹ̀ ń dínkù. Bí èyí bá sì ti dínkù tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ń yá a tó láti ya wèrè nígbà tí ebi bá pa á. Lọ́jọ́ tí ó bá ya wèrè, ẹni tí ó di ẹ̀rọ mú ní ọwọ́ kò ní àṣẹ lórí rẹ̀ mọ́. Yóò kàn máa wo ohun tí ẹranko náà ń ṣe ni. A fẹ́ràn èyí púpọ̀. Irú rẹ̀ ni ó wà nínú eré orí tábìlì ti Star Wars tí ó jáde ní ọdún 1987, níbi tí a ti ń gba akọni kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín pátápátá bí òkùnkùn bá ti borí rẹ̀, tí yóò sì di ti ẹni tí ń darí eré náà.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó sún mọ́ èèwọ̀ àwọn baba wa jù lọ ni Mask of the Betrayer, tí ilé-iṣẹ́ Obsidian ní California gbé jáde ní ọdún 2007 gẹ́gẹ́ bí àfikún sí Neverwinter Nights 2. Ègún kan wọ inú akọni ìtàn náà, ègún tí ń jẹ ẹ̀mí. Bí kò bá jẹ, agbára rẹ̀ yóò máa relẹ̀ bí wákàtí ti ń lọ, títí yóò fi kú. Bí ó bá jẹ, ara rẹ̀ yóò yá lọ́gán. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń jẹ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìwọra ebi náà ń pọ̀ sí i, tí ebi ọ̀la yóò fi tètè dé ju ti òní lọ. Ó sì lè kó ara rẹ̀ níjàánu, kí ó fara da á, kí ìwọra náà sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo bí ó ti rí! Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, kò sí adájọ́, kò sí ẹni tí ń na ìka. Oúnjẹ ni ẹ̀bùn, oúnjẹ kan náà sì ni ìyà. Oorun pàápàá, tí akọni eré mìíràn ń sùn nígbàkigbà kí ọgbẹ́ rẹ̀ lè san, ó ní iye tí a ń rà á níhìn-ín, nítorí pé ebi kì í sùn.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣe eré yìí ni ó kùn. Wọ́n ní ó ń lé àwọn sáré, kò jẹ́ kí àwọn fara balẹ̀ wo ilẹ̀ tí àwọn dé. A kò sọ pé kò ní àbùkù. Ìgbà mìíràn a máa dà bí ìwé ìṣirò ọlọ́jà, tí ènìyàn ń ṣọ́ iye rẹ̀ tí ó sì gbàgbé ẹ̀mí tí ó ń jẹ. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n ń kùn sí ni ìtàn náà. Ẹni tí ebi ẹ̀mí ń pa, ṣé ìgbà wo ni yóò fara balẹ̀ wo òdòdó?

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé àwa oníwàásù ti dé, a sì fẹ́ sọ géèmù di ilé ìsìn. Ó ti o! Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ìwàásù ni ó mọ̀ jù bí ìwàásù tí kò bọ́ sí àyè ti ń mú ènìyàn sùn. A kò ní kí wọ́n mú agbára búburú kúrò nínú eré, bẹ́ẹ̀ ni a kò wí pé géèmù ni ó ń sọ ọmọ di olè. A kò sì fẹ́ kí ìyà rẹ̀ wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní sí ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án, nítorí pé ìdánwò tí kò dán ẹnikẹ́ni wò, asán ni. Ẹ rántí ìtàn Ìjàpá àti àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo, aya rẹ̀, kí ó lè lóyún. Wọ́n ti kìlọ̀ fún Ìjàpá pé kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Apàlọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í sáré dé ibi ikùn wíwú. Yóò dúró lórí òórùn ọbẹ̀ náà, bí epo ti ń dán lójú rẹ̀, bí ọ̀nà ti jìn tó, bí ebi ti ń pa Ìjàpá tó, títí itọ́ yóò fi dà lẹ́nu àwọn ọmọ tí ń gbọ́. Lẹ́yìn èyí ni ikùn yóò wá wú. Kò sí ọba tí ó dá Ìjàpá lẹ́jọ́ kí ó tó wú. Ohun tí ó jẹ ni ó wú u.

Nítorí náà ni Baldur's Gate 3 ṣe dùn wá, èyí tí ilé-iṣẹ́ Larian ti ìlú Ghent ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù gbé jáde ní ọdún 2023. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yìn ín, ó sì tọ́ sí ìyìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a ti kòkòrò kan tí ó dà bí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ inú omi bọ ojú akọni, ó sì wọ inú ọpọlọ rẹ̀ lọ. Bí a kò bá yọ ọ́, yóò sọ ẹni náà di ẹ̀dá abàmì tí ń jẹ ọpọlọ ènìyàn. Èwo ni ìbẹ̀rẹ̀ tí ìbá dára ju èyí lọ? Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún akọni ní àyè láti máa kó irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ sí i wọ ara rẹ̀, kí ó lè ní agbára sí i. Ó lè kó wọn jọ bí ọmọdé ti ń kó àgbálùmọ̀ sápò. Ó lè gbà kí ara òun yí padà dé ìdajì, kí iṣan dúdú yọ sí ojú òun. Ọ̀rẹ́ kan tàbí méjì yóò sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá kó gbogbo rẹ̀ jẹ, tàbí bí kò tọ́ ẹyọ kan wò, òpin ìtàn náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀ fún un. Ikùn Ìjàpá kò wú. Ẹni tí ó fi ara rẹ̀ pamọ́ kúrò lọ́wọ́ agbára náà, tí ó jà pẹ̀lú ìnira láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ni wọn yóò sọ fún un bí ó bá béèrè ohun tí ìkóra-ẹni-níjàánu rẹ̀ wà fún?

Ó ku àwíjàre kan, òun ni ó sì le jù. Wọ́n ní bí a bá tilẹ̀ fi ìyà tí ó ní ìtumọ̀ sí i, ẹni tí ń ṣeré kò ní gbà á. Yóò padà sí ibi tí ó ti fi eré pamọ́ sí lánàá, yóò sì ṣe é ní ọ̀nà mìíràn, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹ̀rọ ní ìdáríjì tí kò ní ìrònúpìwàdà nínú. Ṣùgbọ́n Toby Fox ti dá wọn lóhùn ní ọdún 2015 pẹ̀lú eré kékeré kan tí ń jẹ́ Undertale, tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ṣe tán. Nínú rẹ̀ a lè dá gbogbo ẹ̀dá sí láì pa ẹnì kan. A sì lè wá wọn kiri, kí a pa wọ́n tán pátápátá, kí àwọn ìlú wọn ṣófo. Ẹni tí ó bá ṣe ti ìkẹyìn yìí dé òpin, ayé inú eré náà yóò parun, ojú ẹ̀rọ yóò sì ṣókùnkùn. Bí ó bá ní sùúrù, ohùn kan yóò bá a sọ̀rọ̀ láti inú òkùnkùn náà: yóò dá ayé padà fún un, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ni yóò fi san án. Ó san án. Ayé padà, àwọn òkú jí, àwọn ọjà kún, kò sì sí ẹni tí ó rántí nǹkan kan. Jẹ́ kí ó wá ronú, kí ó sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe ní ọ̀nà tí ó dára jù lọ, láì pa eṣinṣin, títí yóò fi dé òpin ayọ̀ tí gbogbo wọn ti jáde sínú oòrùn. Ní ọ̀kan nínú àwọn òpin náà, a ó fi àwòrán kan hàn án, òun àti gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí ìlà. A ti fi ọ̀dà pupa fàlà pa ojú ọ̀rẹ́ kọ̀ọ̀kan rẹ̀, ẹni tí ó dúró ní àárín wọn ní ipò rẹ̀ kì í sì í ṣe òun mọ́. Kò sí bọ́tìnì kan nínú eré náà tí a lè tẹ̀ láti pa á rẹ́.